Fíìmù Ogun Tó Pa Àwọn Sójà Lẹ́rìn-ín ní Agége

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ sábà máa ń bi mí ni pé nínú gbogbo fíìmù tí mo ti fi han ayé, èwo ló dùn jù. Wọ́n rò pé ẹni tó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ sinimá á ti wo fíìmù yó bí ọmọ alákàrà ṣe ń jẹ àkàrà yó. Ẹ lọ bi ọmọ alákàrà bóyá ó tún fẹ́ rí àkàrà sójú. Iṣẹ́ tí èmi ṣe kì í ṣe iṣẹ́ wíwò. Kí àwọn ẹlòmíràn lè rí i wò ni iṣẹ́ mi. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí fún ẹ̀yin tí ẹ ń ro irú iṣẹ́ tí ẹ ó fi ọwọ́ mú, nítorí èèyàn lè pẹ́ nídìí iṣẹ́ kan kó má tíì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo ti jẹ́ ọmọ yunifásítì rí. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn ìwé àtijọ́, ọkàn mi á sáré padà sí ilé ìkàwé wa tó kọjú sí àwọn igi òdòdó. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá kan náà ni Kéléchì, ọmọ Ìbò kan tó ga, tó máa ń kọrin bó bá ń fọ eyín. Òun ló ń yí ẹ̀rọ fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo sinimá nínú ọgbà, òun ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi fíìmù sínú ẹ̀rọ láìjẹ́ kó ká. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ogun bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó di ẹrù rẹ̀, ó ní kí n bá òun tọ́jú àwọn ìwé òun, pé òun ń bọ̀. Kò bọ̀. Bàbá mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí ọdún kejì tó parí, kò sì sẹ́ni tó lè rán mi níwèé mọ́. Bí mo ṣe kúrò nìyẹn, láìní ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti kórìíra fíìmù ogun. Bí mo bá rí ìbọn tó ń dún lára aṣọ sinimá tí àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́, Kéléchì ni mo máa ń rí tó ń di ẹrù.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ránṣọ ní Agége ló mú mi lọ bá Alhaji tó ni ilé sinimá, Alhaji sì fà mí lé Baba Sùnmọ́nù, ẹni tó ń yí ẹ̀rọ níbẹ̀, lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ Baba Sùnmọ́nù ló pọ̀.

Ará Ọ̀yọ́ ni, ó gbẹ, ó kéré, kì í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbọ́ pé mo ti dé yunifásítì, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ojú la fi ń kàwé. Ìka la fi ń ka fíìmù." Ó wá fi orúkọ yẹn sọ mí, "Yunifásítì", gbogbo Agége sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ìdí tábìlì ni mo máa ń jókòó, kí n máa ka fíìmù láti orí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ká a sí bọ́ sórí òmíràn, kí etí rẹ̀ máa gba àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mi kọjá. Ibi tí ìka bá ti gbọ́ pé ó ya, tàbí pé àlẹ̀mọ́ ibẹ̀ ti ń ṣí, kí n dúró kí n tún un ṣe. Bó bá rí mi tí mo gbé fíìmù sókè síbi iná láti wo àwòrán rẹ̀, etí mi ló máa fi ìka rẹ̀ ta. Ó ní ẹni tó bá ń wo àwòrán kò ní gbọ́ ohun tí ìka ń sọ.

Bákan náà ló rí lójọ́ tó wá gbà mí láyè nídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ méjì ló wà nínú yàrá wa lókè, nítorí fíìmù kan kì í wá lórí kẹ̀kẹ́ kan. Bí èyí bá fẹ́ tán, àmì dúdú roboto kan á yọ ní igun àwòrán. Kí o yára tan ẹ̀rọ kejì. Bí àmì náà bá tún yọ, kí o pa ti àkọ́kọ́, kí o ṣí ti èkejì, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ọ̀pá kábọ́ọ̀nù méjì tó ń jó lójúkojú ló ń fún wa níná, a sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ wọn bí ẹni ṣọ́ wàrà lórí iná. "Igun ni kí o máa wò," ni Baba Sùnmọ́nù máa ń sọ. "Bí ẹ̀rín bá pa ọ́, àmì ti kọjá lọ nìyẹn." Nítorí náà, igun fíìmù ni mo wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin, àwọn tó jókòó sísàlẹ̀ ni kí ẹ bi.

Nígbà ọdún Iléyá kan ni àjálù dé. Èrò kún inú gbọ̀ngàn débi pé àwọn kan jókòó sílẹ̀. Fíìmù há sẹ́nu ẹ̀rọ, iná kábọ́ọ̀nù sì jó o. Lójú àwọn tó wà nísàlẹ̀, ńṣe ni ojú arẹwà obìnrin kan lára aṣọ sinimá hó bí ọṣẹ, ó di pupa rúsúrúsú, gbogbo ibẹ̀ sì ṣókùnkùn. Èéfín díẹ̀ rọ́ sísàlẹ̀. Ẹnì kan ní iná ń jó. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo la ní. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan láti Ìkẹjà ṣubú síbẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò dìde mọ́. Kò sí iná kankan. Òkùnkùn ló pa á. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, Baba Sùnmọ́nù pè mí, ohùn rẹ̀ kò sì le bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Yunifásítì, ohunkóhun tí ì báà ṣẹlẹ̀, má pa iná mọ́ èèyàn lójú lójijì." Kò pẹ́ sí i tó padà sílé ní Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ló sì dákẹ́ sí. Èmi ni mo jogún yàrá òkè.

Ìgbà tí SAP dé, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ náírà di yẹpẹrẹ, ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rọ pàápàá ń gbààwẹ̀. Kábọ́ọ̀nù wọ́n bí ojú. A bẹ̀rẹ̀ sí í so kùkùté méjì tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ pọ̀ kí ó lè di ọ̀pá kan. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ já, a fi rọ́bà táyà rọ́pò rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà ń lé òṣìṣẹ́, àwọn oníbàárà wa sì ni wọ́n. Àwọn tó máa ń wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ wọn ní ọ̀sán Sátidé kò wá mọ́. Àwọn tó kù ti ń wo fídíò ní pálọ̀. Ìjọba ológun ló wà lórí oyè, wọ́n sì ń fi ipá gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Bí a bá gbọ́ orin ológun lórí rédíò ní òwúrọ̀, a ò ní jáde títí a ó fi mọ ẹni tó jẹ ọba.

Àárín ìgbà náà ni wọ́n ránṣẹ́ sí Alhaji láti bárékè kan tí kò jìnnà sí wa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gba ilé sinimá náà ní ọ̀sán Sátidé kan fún àwọn ọmọ ogun, kí wọ́n lè gbádùn ara wọn díẹ̀, fíìmù ogun sì ni kó jẹ́. Ta ló máa sọ fún sójà pé rárá? Alhaji rán mi lọ sí Ìlúpéjú, sọ́dọ̀ àwọn tó ń yá wa ní fíìmù. Akọ̀wé ibẹ̀ ní fíìmù ogun kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀, tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè rí. Ìpẹtà ti jẹ orúkọ ara agolo rẹ̀; àwòrán sójà tó gbé ìbọn kọ́ èjìká nìkan ló hàn. Mo gbé e wálé. Mo fi ìka kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo tún ibi tó ya ṣe, n kò sì wo àwòrán kan nínú rẹ̀. Iṣẹ́ mi kò béèrè ìyẹn, ọkàn mi kò sì fẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn ìrun àílà lọ́jọ́ Sátidé náà, wọ́n dé. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ tiwọn dání, nítorí wọn ò fọkàn tán iná ìjọba. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá lásán, ṣùgbọ́n àwọn kan gbé ìbọn, wọ́n sì gbé e lé orí itan bí ẹni gbé ọmọ. Ọ̀gá wọn, Méjọ̀ kan tó sanra díẹ̀, tó sì ti ń hu ewú létí, jókòó síwájú. Mo tan ẹ̀rọ. Mo wo igun.

Kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ kọjá ní ìdákẹ́jẹ́. Nínú èkejì, mo gbọ́ ẹ̀rín díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Nínú ẹ̀kẹta, gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, irú ẹ̀rín tó ń mú kí àga dún. N kò gbọ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín nídìí fíìmù ogun rí. Mo gbé ojú kúrò ní igun, mo sì wo àárín láti ojú fèrèsé kékeré.

Ohun tí mo rí nìyí. Àwọn ọmọ ogun kan wà nínú ẹrẹ̀, wọn ò ní bàtà. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí olú iléeṣẹ́ pé kí wọ́n fi bàtà ránṣẹ́. Ọkọ̀ dé, pólíìṣì bàtà ló kó wá, àpótí lórí àpótí. Ọ̀gágun wọn sì ń bọ̀ wá yẹ̀ wọ́n wò. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n fi pólíìṣì kun ẹsẹ̀ lásán wọn, wọ́n fi aṣọ nù ún títí ó fi ń dán, wọ́n sì tò. Ọ̀gágun náà dé pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ tó bo àyà rẹ̀ débi pé ó ń tẹ̀ síwájú. Ó wo ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní bàtà yín dán gan-an ni. Ó wá fún ọ̀kan nínú wọn ní àmì ẹ̀yẹ, nítorí tirẹ̀ ló dán jù.

Mo rẹ́rìn-ín. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti rẹ́rìn-ín sókè nínú yàrá yẹn tí Baba Sùnmọ́nù ti fòfin de ẹ̀rín. Mo sì rí i pé fíìmù tí mo ti ń bẹ̀rù ọgbẹ́ rẹ̀ kò fi ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ tó wà nínú ẹrẹ̀ ṣẹ̀sín. Ó fẹ́ràn wọn. Mo ní lọ́kàn mi pé, ìyẹn ni pé wọ́n lè ṣe é báyìí? Ó dùn mọ́ mi bí ìgbà tí àlejò tí o sá fún bá gbé ẹ̀bùn wá.

Lẹ́yìn náà ni ìbẹ̀rù mú mi. Mo rántí ẹni tó ń wò ó, àti ẹni tó ń jọba.

Alhaji ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Kò rọrùn fún un, nítorí ó tóbi. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Yunifásítì, kí lo gbé wá yìí?"

"Fíìmù ogun ni, Alhaji."

"Ogun ta ni? Èmi ni wọ́n ń gbógun tì níbẹ̀ yẹn. Pa á."

"Mi ò lè pa á báyìí."

"Ṣe bí ẹni pé iná lọ."

"Jẹnẹrétọ̀ tiwọn ni, Alhaji. Wọ́n ń gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́yìn ògiri."

Ó ní kí n jẹ́ kí fíìmù jóná nígbà náà. Mo sọ fún un pé kí ó fojú inú wo òkùnkùn tó já lu gbọ̀ngàn tó kún fún sójà, pẹ̀lú ìbọn lórí itan, láyé tí sójà ń bẹ̀rù sójà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó rántí ọkùnrin ilé iṣẹ́ bísíkíìtì. Ó jókòó sórí àpótí, ó fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ yọ, ètè rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Èmi náà ń pààrọ̀ ẹ̀rọ, mo sì ń wò. N kò lè má wò mọ́. Nígbà tí ẹ̀rín mìíràn tún sọ, Alhaji dá tẹ̀sùbáà dúró.

"Kí ni wọ́n tún ń ṣe?" ló béèrè jẹ́jẹ́.

Mo ní ọ̀gágun ń ti balùwẹ̀ darí ogun, kànìnkànìn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mi orí, ó padà sí tẹ̀sùbáà.

Fíìmù parí. A gbọ́ tí wọ́n ń jáde. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ bàtà lórí àtẹ̀gùn, kì í sì í ṣe bàtà ẹyọ kan. Méjọ̀ náà wọlé, sójà gíga kan tó gbé ìbọn tẹ̀ lé e. Kò jókòó. Ohùn rẹ̀ sọ pé ará Ọ̀yọ́ ni.

"Ta ló yan fíìmù yìí?"

Kó tó sọ ọ́ tán, Alhaji ti na ìka sí mi.

"Èmi ni mo lọ gbé e wá, sà," ni mo wí.

"O ti wò ó kí o tó gbé e fún wa?"

"Rárá, sà. A kì í wò ó."

Sójà gíga náà fi imú rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ náà sì ṣe jáde lẹ́nu mi, èmi pàápàá gbọ́ pé ó dún bí irọ́. Báwo ni èèyàn ṣe ń ta ohun tí kò wò? Mo ṣàlàyé pé ìka la fi ń kà á. Méjọ̀ ní kí n fi han òun. Nígbà tí mo jókòó sí ìdí tábìlì, ó fa áńkáṣíìfù rẹ̀ yọ, ó sì fi dì mí lójú.

Ẹni tó bá gbé ayé ìgbà náà mọ ìtumọ̀ aṣọ lójú àti sójà lẹ́yìn ẹni. Mo yí kẹ̀kẹ́. Fíìmù ń gba àárín ìka mi kọjá, mo sì ń dúró níbi tí mo bá gbọ́ àlẹ̀mọ́. Mo ń gbọ́ bí Méjọ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀mí rẹ̀ ń gbóná sí mi létí. Ó pẹ́ kó tó ní ó tó.

"Lónìí ńkọ́?" ló ní. "O wò ó lónìí?"

Mo lè purọ́. Mo rò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n di lójú kò mọ ohun tí ojú ẹlòmíràn ń rí lára rẹ̀.

"Mo wò ó, sà."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dùn mọ́ mi, sà. Mi ò mọ̀ pé wọ́n lè ṣe fíìmù ogun kí wọ́n má fi ẹni tí wọ́n rán ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó rán wọn ni wọ́n fi ṣe é."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo mọ̀ pé mo ti fi ẹnu mi gbẹ́ sàréè mi. Alhaji ń mí bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ńtì.

"Nígbà ogun, àwa náà béèrè bàtà," ni Méjọ̀ wí. "Ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n kó wá. Àwọn ọmọ mi wọ ìbọ̀sẹ̀ jà."

Mo gbọ́ bàtà wọn tí ń sọ̀ kalẹ̀. N kò tú aṣọ náà. Alhaji ló tú u fún mi.

Kí ni ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí? Ṣé ìdáríjì ni, àbí ó fẹ́ lọ kó èèyàn wá? A ò mọ̀. Ẹni ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Nígbà tí mo dé ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé láti kó àwọn agolo náà padà sí Ìlúpéjú, mo rí èéfín dúdú lẹ́yìn ilé. Alhaji dúró ti iná pẹ̀lú igi lọ́wọ́, ó ń rú u bí ẹni ń ro ọkà. Àwọn kẹ̀kẹ́ náà ti ṣófo nílẹ̀. Fíìmù tó kù ń ká, ó ń yọ́, ó ń rùn. "Ohun tí kò sí, wọn ò lè fi jẹ́rìí mọ́ èèyàn," ló sọ fún mi. Ó ní òun á yanjú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará Ìlúpéjú. N kò bá a jà. Mo dúró títí ó fi di eérú.

Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, n kò sùn sílé mi. Ọ̀dọ̀ àna mi ní Opebi ni mo ń sùn, bí ọkọ̀ sójà bá sì fà díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní òpópónà Allen, màá yà wọ ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn kí n máa yẹ ọjà tí n kò fẹ́ rà wò. Ìyàwó mi rù.

Ilé sinimá náà kò pẹ́ láyé mọ́. Ìjọ Aládùúrà kan rà á níkẹyìn, wọ́n kùn ún ní funfun. Èmi lọ ń tún ẹ̀rọ fídíò ṣe ní Ìkẹjà, títí tí fídíò náà fi di ohun àtijọ́, tí àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ sì wá ń fi nǹkan tó kéré ju èékánná lọ gbé fíìmù káàkiri. Mo ti dán iṣẹ́ mìíràn wò, kò sí èyí tó dà bí yàrá òkè yẹn. Bí ẹ̀yin ọ̀dọ́ bá bi mí, mo lè sọ pé ẹ kọ́ ọwọ́ yín ní ohun tí ojú yín kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ojú náà jẹ tirẹ̀.

Sójà gíga yẹn padà wá kí a tó ta ilé náà. Ọ̀sán ni, èmi àti Alhaji nìkan la sì wà níbẹ̀. Bí mo ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Kò gbé ìbọn. Ó kí wa dáadáa, ó sì fi fìlà sábẹ́ apá. Ó ní wọ́n ti ní kí Méjọ̀ máa lọ sí bárékè kan ní Òkè Ọya, pé ọ̀la ló ń lọ. Ó ní ọ̀gá fẹ́ wo fíìmù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó lọ, òun àti ìyàwó rẹ̀, nítorí láti ìgbà tí ogun ti parí ló ti ń sọ ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ yẹn fún ìyàwó náà, ìyàwó kò sì gbà á gbọ́ rí.

Alhaji wo ilẹ̀. Èmi ni mo dáhùn.

"Kò sí mọ́. Ó ti jóná."

Sójà náà mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yà lẹ́nu.

"Ọ̀gá ti sọ ọ́," ló wí. "Ó ní àwọn ọ̀gá tó wà lókè nínú ìjọba kò ní jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó jó o."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó lọ. Kò sí ẹni tó sọ fún un nínú àwa méjèèjì pé àwa fúnra wa la jó o.